Kí Kámẹ́rà Tó Tàn, Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀: Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Òtu Tó Fẹ́ Máa Ṣe Dọ́kúmẹ́ńtárì

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Òtu, ní Ìgbójayè, ní Kómu, ní Òkàkà, ní Ìpàpó àti káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, ẹ̀yin tí ẹ ti gbé iṣẹ́ kámẹ́rà sọ́kàn, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn òbí yín, nítorí àpò wọn ni owó iṣẹ́ yìí sábà máa ń ti jáde kí ẹnikẹ́ni tó rí èrè kankan níbẹ̀.

A mọ ohun tó ru ìfẹ́ yìí sókè. Kúnlé Afọláyan kọ́ abúlé fíìmù rẹ̀ sí Ìgbójayè, níbi tí kò jìnnà sí wa rárá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya Aníkúlápó, tó jáde lórí Netflix ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, tí àwọn tí kò gbọ́ orúkọ Òkè-Ògùn rí fi rí ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n eré ni Aníkúlápó, àwọn kan nínú yín kò sì fẹ́ ṣe eré. Dọ́kúmẹ́ńtárì ni wọ́n fẹ́: kí wọ́n ya ọdẹ tó mọ igbó Ọ̀yọ́-Ilé dájú, àwọn tó ń hun aṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn, àwọn ìyá tó ń ṣe òrí, àwọn àgbà tó lè sọ bí ìlú wọn ṣe ṣí láti ibì kan dé ibòmíràn nígbà ogun. Iṣẹ́ tó yẹ kí ẹnìkan ṣe ni, kó sì tètè ṣe é, torí àwọn àgbà wọ̀nyí ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí gan-an tí mo fi ń kìlọ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lè parí, kí iṣẹ́ náà sì jẹ́ tirẹ̀ nígbà tó bá parí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí. Ẹni tó ń ṣe eré ní ọjà tó ń ná, bí ọjà náà tilẹ̀ le. Sinimá wà, YouTube wà, àwọn tó ń wo eré Yorùbá lójoojúmọ́ wà. Dọ́kúmẹ́ńtárì kò ní irú ọjà bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó yẹ kó máa rà á, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò ní kí ẹ̀yin tí ẹ ṣe é wá san owó àkókò kí wọ́n tó gbé e sáfẹ́fẹ́. Owó tó ń wọlé, òkè òkun ló ti máa ń wá jù: owó ìrànwọ́ bíi ti IDFA Bertha Fund ní Amsterdam, tàbí èyí tí àjọ̀dún Hot Docs ní Kánádà dá sílẹ̀ fún àwọn ará Áfíríkà. Bí kò bá ti ibẹ̀ wá, àjọ kan lè pè yín kí ẹ wá ya iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Gbogbo rẹ̀ ló ń pẹ́. Ẹni tó kọ̀wé béèrè owó ìrànwọ́ lónìí lè dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó gbọ́ "rárá". Àwọn iléeṣẹ́ ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì náà kò ṣeé gbára lé: ní oṣù kìíní ọdún 2024, Amazon Prime Video, tó ti ń náwó sórí fíìmù Nàìjíríà, dáwọ́ ṣíṣe fíìmù tuntun ní Áfíríkà dúró. Bí èyí bá lè bá àwọn ògbóǹtarìgì tó wà ní Èkó, kí ni yóò dá a dúró kó má bá ẹni tó wà ní Òtu?

Nítorí náà, ẹ má ta ilẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á. Oko kajú yóò ṣì máa so nígbà tí kámẹ́rà tí ẹ fi owó rẹ̀ rà bá ti gbó, tí èyí tó dára jù ú lọ sì ti kún ọjà. Ẹ má sì yá owó iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ àwọn ayánilówó orí fóònù. Owó tí wọ́n ń fẹ́ kí ẹ dá padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò bá iṣẹ́ tó ń gba ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá sì pẹ́ san, àwọn kan nínú wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù yín, títí kan àna yín àti pásítọ̀ tàbí àlùfáà yín.

Fóònù tó dára tó láti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá nílò kámẹ́rà ńlá, ẹ háyà rẹ̀ fún ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó nìkan. Ohun tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ra ni máíkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ní Òkè-Ògùn àti ariwo jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ti ba ọ̀rọ̀ àgbà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tó ń wo fíìmù lè gbójú fo àwòrán tí kò mọ́lẹ̀ tó, ṣùgbọ́n bí kò bá gbọ́ ohun tí bàbá ń sọ, yóò pa á tì.

Ẹ wo Ìbàdàn nítòsí wa. Alain Kassanda, ọmọ ilẹ̀ Kóńgò tó dàgbà sí Faransé, gbé Ìbàdàn fún ọdún mélòó kan. Ó gbé kámẹ́rà tẹ̀lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tó máa ń pàdé lọ́jọ́bọ̀ láti wo fíìmù, kí wọ́n sì jiyàn lé e lórí. Yàrá kan, àga, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọ̀dọ́: ohun tó pọ̀ jù nínú fíìmù tó ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Ó pè é ní Coconut Head Generation, ó sì gba ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún Cinéma du réel ní Paris lọ́dún 2023. Ohun tó ní tí ẹlòmíràn kò ní ni pé ó dúró ti àwọn èèyàn náà títí wọ́n fi gbàgbé pé kámẹ́rà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Òtu ti ní ìyẹn lọ́wọ́ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni ẹ ó máa jẹ ní gbogbo ọdún tí ẹ fi ń dúró? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Túndé Kèlání tí gbogbo yín mọ̀ kọ́ iṣẹ́ fọ́tò, ó ṣiṣẹ́ kámẹ́rà fún tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn, ó bá iléeṣẹ́ ìròyìn Reuters lọ sí Etiópíà nígbà ọ̀dá, ó sì ya fíìmù fún àwọn ẹlòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Mainframe, iléeṣẹ́ tirẹ̀, tó gbé Ti Olúwa Nilẹ̀ jáde ní 1993. Fẹ́mi Odùgbèmí, ọ̀kan lára àwọn tó dá àjọ̀dún dọ́kúmẹ́ńtárì iREP sílẹ̀ ní Èkó, àjọ̀dún tó kọ́kọ́ wáyé ní 2011, ṣe iṣẹ́ ìpolówó ọjà, ó sì wà lára àwọn tó gbé eré Tinsel dìde lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí àwọn wọ̀nyí kò bá fi dọ́kúmẹ́ńtárì nìkan ṣe oúnjẹ òòjọ́, kí ọmọ ogún ọdún má fi iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ máa ya ìgbéyàwó, ẹ máa ya ìsìnkú, ẹ máa ya ìpàdé àwọn àgbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn wò yín tìkà-tẹ̀gbin. Ẹ kàn ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún fíìmù tiyín, kí ẹ má sì jẹ́ kí ìnáwó kankan gba ọjọ́ náà lọ́wọ́ yín.

Mo dé ibi tó ń dùn mí jù báyìí, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìwé. Àwa Yorùbá, bí a bá fẹ́ràn ara wa, ojú máa ń tì wá láti sọ pé ká kọ àdéhùn sílẹ̀. Ẹni tó bá mú ìwé jáde, a ó ní kò fọkàn tán wa. Ìtìjú yìí ti ba ọ̀rẹ́ jẹ́ ju owó lọ nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹ fojú inú wo ọ̀rẹ́ mẹ́ta. Èkínní ní kámẹ́rà. Èkejì ló fi owó epo, owó oúnjẹ àti owó dátà sílẹ̀. Bàbá èkẹta ni olórí ọdẹ tí fíìmù dá lé lórí. Wọ́n ya fíìmù náà fún ọdún kan pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọjọ́ tí àjọ̀dún kan ní òkè òkun bá gbà á, tí ẹnìkan sì fẹ́ rà á, ta ló ni ín? Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tuntun, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, ka ẹni tó ṣètò bí fíìmù ṣe di ṣíṣe sí ẹni tó ni ín, àyàfi bí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, ta ló ṣètò rẹ̀? Olúkúlùkù yóò ní òun ni. Òfin kan náà sọ pé bí ẹnìkan yóò bá gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, inú ìwé ló gbọ́dọ̀ ti ṣe é. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Ojú ewé kan ṣoṣo ti tó fún àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta yìí, kódà ní èdè Yorùbá: ta ni olùdarí, ta ni olóòtú, ìdá mélòó ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan bí owó bá wọlé, orúkọ ta ni yóò kọ́kọ́ hàn, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnìkan bá kúrò láàárín. Kí wọ́n fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ tí inú gbogbo wọn ṣì dùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú ẹni tó bá pè yín ṣiṣẹ́. Àjọ kan lè sọ pé kí ẹ wá ya kànga tí wọ́n gbẹ́ sí abúlé. Olóṣèlú lè fẹ́ fíìmù nípa ara rẹ̀ kí ìbò tó dé. Ẹ gba ìdajì owó kí ẹ tó jáde nílé, kí ìwé sì sọ iye ìgbà tí wọ́n lè ní kí ẹ tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé pé fíìmù tó parí ni wọ́n ń rà, pé gbogbo àwòrán tó kù nílẹ̀ jẹ́ tiyín. Ohun tí ẹ yà lójú ọ̀nà abúlé yẹn lè wúlò fún fíìmù tiyín lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Bí olùrà láti òkè òkun bá fi ìwé ránṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ayọ̀ fọwọ́ sí i fún yín. Ẹ wá ibi tí ó ti sọ iye ọdún. Bí ó bá sọ pé títí ayé, tó sì sọ pé gbogbo orílẹ̀-èdè àti gbogbo ọ̀nà, ẹ ti ta ọmọ náà pátápátá nìyẹn. Ẹ béèrè fún ọdún mélòó kan. Ẹ béèrè kí Nàìjíríà kù sí yín lọ́wọ́, kí ẹ lè fi fíìmù náà han àwọn tó wà nínú rẹ̀ ní gbàgede Òtu láìbẹ̀rù ẹjọ́. Lọ́yà kan ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ìbàdàn lè ka ìwé náà fún yín, owó rẹ̀ kò sì tó ohun tí ẹ ó pàdánù bí ẹ kò bá pè é.

Nípa àwọn tí ẹ ń yà, ohùn mi yóò le díẹ̀. Àgbà tó ń sọ ìtàn fún yín kì í ṣe ohun èlò. Kí ẹ tó gbé kámẹ́rà síwájú rẹ̀, ẹ lọ kí ọba tàbí baálẹ̀, ẹ lọ kí olórí ilé, ẹ ṣàlàyé ibi tí fíìmù náà lè dé. Ìwé ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ wà, ṣùgbọ́n bí bàbá kò bá mọ̀wé kà, ẹ kà á fún un ní Yorùbá tirẹ̀, kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, kó fi ọ̀ńtẹ̀ ìka rẹ̀ lé e, kí ẹ sì ya ibi tó ti ń sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun gbà. Bí ọmọdé bá wà níbẹ̀, òbí rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí i. Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ má ya awo òun, ẹ pa kámẹ́rà, kí ẹ má sì fi sílẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Orò kì í ṣe ohun tí à ń yà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran bá kàn, tó sì ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ẹ bo ojú àti ohùn rẹ̀, torí ẹ̀yin lè padà sílé yín lọ́jọ́ kejì, òun ni yóò sùn sí oko rẹ̀.

Owó ńkọ́? Àwọn ará ìlú máa ń rò pé ẹni tó gbé kámẹ́rà ti gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Ẹ má purọ́ fún wọn, ẹ má sì ṣèlérí ohun tí ẹ kò ní. Àwọn tó ṣe Hoop Dreams ní Amẹ́ríkà, fíìmù tó jáde ní 1994, fi bí ọdún márùn-ún tẹ̀lé àwọn ọmọ méjì ní Chicago. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn kò ju fíìmù ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Nígbà tí èrè dé, wọ́n pín in pẹ̀lú ẹbí àwọn ọmọ náà. Èmi rò pé irú àdéhùn yẹn ló tọ́ sí ìlú wa: kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí èrè bá wọlé, ìdá báyìí jẹ́ ti ẹni tí ìtàn rẹ̀ gbé fíìmù náà dúró.

Àwọn gbájúẹ̀ ti mọ̀ pé ebi ìyìn ń pa àwọn tó ń ṣe fíìmù. Àjọ̀dún gidi lè gba owó kékeré lọ́wọ́ yín láti wo fíìmù yín. Ṣùgbọ́n àjọ̀dún tó bá kọ̀wé pé ẹ ti gba àmì-ẹ̀yẹ, pé kí ẹ wá fi owó ra ife rẹ̀, ẹ sá fún un. Owó ìrànwọ́ tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san "owó ìfiránṣẹ́", olè ni. Kódà iléeṣẹ́ tó ní orúkọ lè wó lu yín. Distribber ní Los Angeles máa ń gba owó ṣáájú lọ́wọ́ àwọn tó ṣe fíìmù láti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún títà, pẹ̀lú ìlérí pé gbogbo èrè yóò jẹ́ tiwọn. Ní 2019 iléeṣẹ́ náà dẹnu kọlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí owó tí fíìmù wọn ti pa. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ wá ẹni mẹ́ta tó ti bá iléeṣẹ́ tó bá pè yín ṣe rí, kí ẹ bi wọ́n léèrè bóyá owó wọn ń wọlé, kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ẹ má fojú di ìjọba náà. Òfin àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, NFVCB, láti 1993, sọ pé fíìmù gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó tà á tàbí kí wọ́n tó fi han gbogbo èèyàn. Ishaya Bako ṣe Fuelling Poverty lórí ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ epo àti ìwọ́de oṣù kìíní 2012, Wọlé Ṣóyínká sì sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2013, àjọ náà ní fíìmù náà lè dá rúkèrúdò sílẹ̀, wọ́n sì ka pípín rẹ̀ àti fífi í hàn léèwọ̀. Mi ò sọ pé kí ẹ má sọ òtítọ́. Bí ẹ bá fẹ́ sọ irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ ti ní lọ́yà àti ẹ̀dà tó wà níbòmíràn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún dírọ́ọ̀nù pẹ̀lú. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fò ó láìgba àṣẹ lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò. Ní apá ibi tiwa, tí ibodè Benin kò jìnnà sí, sójà tó bá rí i lókè kò ní bi yín bóyá fíìmù ni ẹ ń ṣe. Igbó Ọ̀yọ́-Ilé náà ti di ọgbà ìjọba àpapọ̀ láti 1991, ẹ lọ gba ìwé ní ọ́fíìsì wọn ní ìlú Ọ̀yọ́ kí ẹ tó tẹ̀lé ọdẹ kankan wọ inú rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí àwọn ọ̀dọ́ kì í kà sí: ìpamọ́ iṣẹ́ wọn. Wọ́n ti rò pé Shaihu Umar, fíìmù tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, ti sọnù títí wọ́n fi rí i ní ibi ìpamọ́ fíìmù ní Jos. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin lọ́dún 2018. Ìjọba ló ni fíìmù yẹn, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣègbé. Ohun tó wà lórí fóònù kan ṣoṣo ní Òtu ńkọ́, tí òjò tàbí olè lè mú lọ lálẹ́ ọjọ́ kan? Ẹ̀dà mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ní: ọ̀kan lọ́dọ̀ yín, ọ̀kan ní ilé ẹ̀gbọ́n ní ìlú mìíràn, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí dátà bá gbà. Ẹ kọ orúkọ àgbà náà, ọjọ́ àti ibi sórí rẹ̀.

Bí ẹ bá ráyè, ẹ lọ jókòó ní iREP ní Èkó nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, kí ẹ gbọ́ bí àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ owó àti ìwé. Ẹ forúkọ iléeṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, torí ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́ kì í bá ẹni tí kò ní iléeṣẹ́ ṣe. Ẹni tó bá sì ti ní fíìmù kan lọ́wọ́ báyìí láìsí ìwé, ẹ̀bẹ̀ mi sí i ni pé kó mú bírò lálẹ́ òní, kó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá a ṣe é àti gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ hàn nínú rẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó wá béèrè owó.